Ta Ni Ó Ń Sinmi ní Jẹ́lé-ó-sinmi? Orúkọ, Èdè àti Ìbágbépọ̀ Ọmọ Wẹ́wẹ́, láti Waldersbach dé Àjàṣẹ́

1. Ìfáàrà

Ní ọdún tó kọjá, kí ilé-ẹ̀kọ́ tó wọlé, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí lórí fóònù láti Àjàṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti pé ọdún mẹ́ta. Ó ti rí ilé ìtọ́jú ọmọ kan nítòsí ìsọ̀ rẹ̀, ó sì ti múra láti san owó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ilé náà sọ fún un pé àwọn ní òfin kan: láti ọjọ́ tí ọmọ bá ti wọlé sọ́dọ̀ àwọn, Faransé nìkan ni kí bàbá àti ìyá máa bá a sọ nílé. Ẹ̀gbọ́n mi ní: "Ìwọ ni o ń kàwé nípa èdè. Sọ fún mi, ṣé kí n gbà, àbí kí n má gbà?"

N kò lè dá wọn lóhùn lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe fún oyè ọ̀mọ̀wé dá lórí ìkíni àti arọ́pò-orúkọ ọ̀wọ̀ ní Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́. Kò dá lórí ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́. Mo wá jókòó ti ìwé ìtàn. Ohun tí mo bá bọ̀ ni mo kọ sínú àpilẹ̀kọ yìí. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo ń tẹ̀ lé. Nígbà tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ kó ọmọ wẹ́wẹ́ jọ sí ojú kan tí kì í ṣe ilé òbí wọn, kí ni wọ́n ń wá? Èdè wo ni wọ́n fi gbà wọ́n? Kí sì ni ọmọ ń kọ́ níbẹ̀ nípa bí a ṣe ń bá ẹlòmíràn gbé?

Nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni mí, orúkọ ni mo fi ṣe ọ̀nà àbáwọlé. Àwọn Yorùbá ilẹ̀ Nàìjíríà ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi. Lọ́dọ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀, màtẹ́nẹ́ẹ̀lì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wí, láti ara école maternelle àwọn Faransé. Ní Tógò, jardin d'enfants ni. Bí a bá gbọ́ jẹ́lé-ó-sinmi dáadáa, a ó rí i pé kò dárúkọ ọmọ rárá. Ilé ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀: kí ọmọ kúrò nílé, kí ilé lè ní ìsinmi. Èrò mi ni pé orúkọ kọ̀ọ̀kan tí a ti fún ilé yìí láti nǹkan bí 250 ọdún sẹ́yìn ń sọ ẹni tí a kọ́ ọ fún, àti pé ó pẹ́ kí orúkọ ọmọ fúnra rẹ̀ tó wọ inú ọ̀rọ̀ náà.

2. Agbo ilé kí màtẹ́nẹ́ẹ̀lì tó dé

Kò sí ẹni tó lè sọ pé ọmọ Yorùbá kò ní ẹgbẹ́ kí màtẹ́nẹ́ẹ̀lì tó dé. Ní agbo ilé ìyá àgbà mi ní Kétu, ọmọ tí wọ́n bá ti já lẹ́nu ọmú a bọ́ sọ́wọ́ ọmọ tó jù ú lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ a fi ọ̀já pọn ọmọ ọdún méjì, a sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn. Ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ti ojúgbà nìkan. Ọjọ́ orí wọn kò dọ́gba, àìdọ́gba yìí gan-an ni ó sì fún un ní ìlànà. Èyí tó kéré jù mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ni òun ń bá ṣeré. Èyí tó dàgbà jù mọ̀ pé bí ọmọ bá ṣubú, òun ni wọn yóò bi léèrè. Bí àlọ́ bá dé lálẹ́, gbogbo wọn ni ó gbọ́dọ̀ dáhùn nígbà tí apààlọ́ bá ké sí wọn. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò tíì mọ ibi tí ìtàn náà ń lọ, ṣùgbọ́n ó ti mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ kàn án. Ìyẹn nìkan jẹ́ ẹ̀kọ́ ńlá nínú ìbánisọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má pọ́n ọn ju bó ti yẹ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ń pọn àbúrò, ọmọbìnrin ni lọ́pọ̀ ìgbà, òun kan náà ni kò sì lè lọ sílé-ẹ̀kọ́. Ìyá mi jẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàwé díẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀, nítorí pé àbúrò mẹ́ta wà nílẹ̀ tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ mójú tó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tètè mú mi lọ sí màtẹ́nẹ́ẹ̀lì nígbà tí wọ́n ń tajà ní Wàǹdó. Bí ẹnikẹ́ni bá ń yin agbo ilé lójú wọn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń bi í: "Ta ni ó ń gbé ọmọ náà?" Mo fẹ́ kí òǹkàwé di ìbéèrè yìí mú títí a ó fi parí, nítorí pé ohun ni ó kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn.

3. Yàrá ìhunṣọ àti ilé-iṣẹ́ òwú

Ní òkè Vosges, ní ìlà-oòrùn Faransé, abúlé kékeré kan wà tí ń jẹ́ Waldersbach. Pásítọ̀ Jean-Frédéric Oberlin dé ibẹ̀ ní 1767. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò lọ́ràá, àwọn òbí wà lóko láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sì ń rìn kiri láìsí ẹni tí ń wò wọ́n. Ọ̀dọ́bìnrin kan, Sara Banzet, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ, ó ń kọ́ wọn bí a ṣe ń fi abẹ́rẹ́ hun aṣọ òtútù. Oberlin gba iṣẹ́ náà mọ́ra, ó sì wá àwọn obìnrin mìíràn kún un. Louise Scheppler ni orúkọ rẹ̀ kàn jù lọ nínú wọn. Wọ́n pe àwọn yàrá náà ní poêle à tricoter: yàrá tí ààrò mú gbóná, tí a ti ń hun aṣọ. Orúkọ àkọ́kọ́ nìyẹn. Kò sí ọmọ nínú rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ni ó wà níbẹ̀.

Èdè ni ó mú mi dúró níbi ìtàn yìí. Àwọn ará abúlé náà kì í sọ Faransé ti ìwé. Èdè ilẹ̀ wọn, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní patois, ni wọ́n ń sọ. Oberlin fẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ Faransé, àwọn obìnrin inú yàrá ìhunṣọ ni ó sì fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Arákùnrin rẹ̀, Jérémie-Jacques Oberlin, jẹ́ ọ̀mọ̀wé ní Strasbourg. Ní 1775, ó tẹ ìwé kan jáde lórí patois agbègbè náà, ọ̀kan nínú àwọn ìwé àkọ́kọ́ tí a kọ lórí ẹ̀ka-èdè kan ní Faransé. Nínú ìdílé kan náà, ẹnì kan ń kọ èdè abúlé sínú ìwé, ẹnì kejì ń ṣètò bí ọmọ ọdún mẹ́ta yóò ṣe fi í sílẹ̀. Àwa tí a ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè wa ní Yunifásítì, tí a sì ń mú àwọn ọmọ wa lọ síbi tí a kò ti ní sọ ọ́, kò yẹ kí a fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ní Scotland, Robert Owen ni ó ni ilé-iṣẹ́ òwú ní New Lanark. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1816, ó ṣí ilé kan tó pè ní ilé ìdásílẹ̀ fún kíkọ́ ìwà. Ọmọ tó bá ti lè rìn ni wọ́n ń gbà síbẹ̀. Kí ọmọ wà níbẹ̀ túmọ̀ sí pé ìyá lè padà sídìí ẹ̀rọ. Ẹni tó ni ẹ̀rọ mọ èrè tó wà nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n Owen fi nǹkan mìíràn kún un. Ó pàṣẹ fún àwọn olùkọ́ méjì tó yàn, James Buchanan àti Molly Young, pé kí wọ́n má lu ọmọ, kí wọ́n má fi ohùn líle bá a wí. Ohun tí wọn yóò máa tún sọ fún ọmọ ni pé kí ó má pa ẹnì kejì rẹ̀ lára, kí ó gbìyànjú láti mú inú rẹ̀ dùn. Ó sì ní kí àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà máa mójú tó àwọn tó kéré sí wọn. Ní ibi tí ìwádìí mi dé, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé bí ọmọ ṣe ń bá ọmọ gbé jẹ́ iṣẹ́ ilé náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe ohun tó kàn ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ agbo ilé kò ní í ṣàìrí i pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni Owen tún ń dá sílẹ̀.

4. Ibi ìsádi, ibùjẹ ẹran, ọgbà

Àṣà yìí kọjá sí London, ó sì dé Paris. Ní 1826, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin olówó kan tí Émilie Mallet ń darí ṣí ilé kan fún ọmọ àwọn òṣìṣẹ́. Ní 1828, Denys Cochin ṣí tirẹ̀. Salle d'asile ni wọ́n ń pè é. Asile ni ibi ìsádi, ibi tí ẹni tí ewu ń lé máa ń sá sí. Orúkọ náà sọ ohun tí wọ́n rò: ìgboro ni ewu, ìṣẹ́ àwọn òbí ni ewu, ọmọ gbọ́dọ̀ sá kúrò níbẹ̀. Àṣẹ ọba ti 1837 fi àwọn ilé náà sábẹ́ àbójútó ìjọba. Ọmọ pọ̀ nínú yàrá kan. Wọ́n máa ń jókòó lórí àtẹ̀gùn onígi ní ẹsẹẹsẹ, olùkọ́ á sì lu pákó kékeré méjì pọ̀ kí gbogbo wọn dìde tàbí kí wọ́n jókòó lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n wà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú gbogbo wọn kọ sí olùkọ́. Kò sí ẹni tó kọjú sí ẹnì kejì rẹ̀.

Ní 1844, Firmin Marbeau ṣí ilé fún àwọn ìkókó tí ìyá wọn ń ṣiṣẹ́, ní Chaillot ní Paris. Ó pè é ní crèche, èyí tí í ṣe ibùjẹ ẹran, nítorí ibùjẹ ẹran tí wọ́n tẹ́ Jésù sí. Orúkọ àánú ni èyí náà.

Ní ilẹ̀ Jámánì, ojú mìíràn ni Friedrich Fröbel fi wo ọ̀rọ̀ yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Blankenburg ní 1837, ní 1840 ó sì fún un lórúkọ Kindergarten, ọgbà àwọn ọmọdé. Lójú rẹ̀, eré ni iṣẹ́ ọmọ, nínú eré ni ọmọ ti ń mọ ara rẹ̀ àti ẹlòmíràn. Ìjọba Prussia fi òfin de àwọn ọgbà náà ní 1851, ó sì di 1860 kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Jardin d'enfants tí àwọn ará Tógò ń wí jẹ́ ìtumọ̀ orúkọ yìí gan-an ní Faransé. Nínú gbogbo orúkọ tí mo ti kà sílẹ̀, òun ni àkọ́kọ́ tí ọmọ wà nínú rẹ̀.

Nígbà tó di 2 oṣù kẹjọ 1881, àṣẹ ìjọba Faransé sọ salle d'asile di école maternelle, orúkọ tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán wò fún ìgbà díẹ̀ ní 1848. Pauline Kergomard, alábẹ̀wò àgbà fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, ni ó gbógun ti àtẹ̀gùn onígi àti pákó lílù. Ó fẹ́ tábìlì kékeré, ó fẹ́ àgbàlá, ó fẹ́ kí ọmọ ṣeré. Ìwà olùkọ́ níbẹ̀, ó ní, gbọ́dọ̀ dà bí ti ìyá tó lóye.

5. "Ti ìyá", ṣùgbọ́n èdè ta ni?

Ọ̀rọ̀ maternelle yìí ni ó bí ìṣòro wa. Ní 1888, Irénée Carré, alábẹ̀wò àgbà mìíràn, kọ̀wé lórí bí a ó ṣe kọ́ àwọn ọmọ Bretagne ní Faransé. Bretọ́nì ni àwọn ọmọ náà ń sọ nílé. Carré ní kí olùkọ́ má ṣe lo Bretọ́nì rárá: kí ó fi nǹkan han ọmọ, kí ó dárúkọ rẹ̀ ní Faransé, bí ìyá ṣe ń ṣe fún ọmọ ọwọ́. Wọ́n ń pe ọ̀nà náà ní méthode maternelle. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "ti ìyá" ṣe di orúkọ fún ọ̀nà tí a fi ń ti èdè ìyá sẹ́yìn. Ó ń ṣe bí ẹni pé ọmọ ọdún mẹ́rin kò tíì ní ìyá kankan tó bá a sọ̀rọ̀ rí.

Èrò yìí bá àwọn amúnisìn dé Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Òfin ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe ní 1924 fún gbogbo agbègbè tó wà lábẹ́ Dakar sọ pé Faransé nìkan ni a ó máa lò ní ilé-ẹ̀kọ́, ó sì kọ̀ fún olùkọ́ láti fi èdè ilẹ̀ bá akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Gbogbo wa ni a mọ ọmọ tí òfin yẹn bí. Signal ni wọ́n ń pè é ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò: ohun kan tí wọ́n ń fi kọ́ ọrùn ọmọ tó bá fẹnu kan èdè ilé rẹ̀. Kí ó tó lè bọ́ ọ, ó gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọmọ mìíràn tí yóò ṣẹ irú ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí a wo èyí pẹ̀lú ojú ìbágbépọ̀, kì í ṣe ti èdè nìkan. Owen ní kí ọmọ wá ayọ̀ ẹnì kejì rẹ̀. Signal ní kí ọmọ wá àṣìṣe ẹnì kejì rẹ̀.

6. CESE: ọdún díẹ̀ tí orúkọ yí padà

Ìjọba ológun Mathieu Kérékou gba agbára ní 26 oṣù kẹwàá 1972. Ní 23 oṣù kẹfà 1975, òfin tó dá Ilé-ẹ̀kọ́ Tuntun sílẹ̀ jáde. Ní 30 oṣù kọkànlá ọdún kan náà, Dahomey di Bẹ̀nẹ̀. Lábẹ́ Ilé-ẹ̀kọ́ Tuntun yìí ni wọ́n ti dá ilé ọmọ wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní CESE sílẹ̀, centre d'éveil et de stimulation de l'enfant. Éveil ni kí ènìyàn jí, stimulation ni kí a ta á jí. Ọmọ wà nínú orúkọ náà, ìyá kò sí níbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ kò sí níbẹ̀. Èdè tí wọ́n fi ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ni èdè àdúgbò.

Ìyá mi kékeré ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé náà ní agbègbè Sábẹ̀ẹ́. Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti lọ. Wọ́n sọ fún mi pé ẹní ni àwọn ọmọ ń jókòó lé, ìdérí ìgò ni wọ́n fi ń ka iye, àwọn ìyá àgbà àdúgbò ni ó ń wá pa àlọ́. Yorùbá tiwọn kò rí bákan náà pẹ̀lú ti Sábẹ̀ẹ́. Nígbà tí wọ́n bá dárúkọ nǹkan bí wọ́n ṣe ń pè é ní Àjàṣẹ́, àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì tún un ṣe fún wọn. Ìyá mi kékeré ní, "Àwọn ni ó kọ́ mi." Mo gbà pé ẹ̀kọ́ ìbágbépọ̀ ni ìyẹn náà: ọmọ ọdún mẹ́rin rí i pé àgbàlagbà lè má mọ ohun kan, pé òun lè fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ fún un, àti pé èdè kan lè ní ẹnu púpọ̀.

Kí ló wá dé tí kò fi pẹ́? Ìdí tí wọ́n sọ fún mi àti èyí tí mo kà bára mu ní ibi mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ọmọ tó bá jáde láti CESE, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí Faransé gbilẹ̀ ni ó ń bọ́ sí. Afárá náà kò kan òdìkejì odò. Àwọn òbí rí èyí kíá. Wọ́n ń bi ìyá mi kékeré pé: "Kí ló dé tí ẹ ń kọ́ ọmọ wa ní ohun tó ti mọ̀?" Èkejì ni ìwé. Álífábẹ́ẹ̀tì tí Bẹ̀nẹ̀ yàn fún àwọn èdè ilẹ̀ rẹ̀ ní 1975 ń lo ɛ àti ɔ níbi tí Nàìjíríà ń lo ẹ àti ọ, nítorí náà ìwé ọmọdé tó kún ọjà lódìkejì ààlà kò rọrùn láti fi kún ìwọ̀nba tí wọ́n ní. Ẹ̀kẹta ni owó. Nígbà tó di òpin àwọn ọdún 1980, àwọn báńkì ti dẹnu kọlẹ̀, oṣù púpọ̀ ń kọjá kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó gba owó.

Àpérò orílẹ̀-èdè wáyé ní oṣù kejì 1990, àpérò lórí ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé e ní oṣù kẹwàá. Ilé-ẹ̀kọ́ Tuntun kógbá wọlé. Òfin-ìpìlẹ̀ 11 oṣù kejìlá 1990, ní ẹsẹ̀ 11, fún gbogbo àwùjọ ní òmìnira láti lo èdè wọn, ní ọ̀rọ̀ ẹnu àti ní kíkọ. Ṣùgbọ́n ilé ọmọ wẹ́wẹ́ padà di maternelle, ó sì padà sí Faransé. Ohun tí àwọn òbí kọ̀ ni afárá tó já sínú odò. N kò rò pé èdè wọn ni wọ́n kọ̀. A máa ń da ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ nígbà tí a bá ń kọ ìtàn CESE, ó sì yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀.

7. Ohun tí ọmọ ń kọ́ lọ́dọ̀ ọmọ

Ní 1932, Mildred Parten tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ ilé ìtọ́jú kan ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà. Ó wo ọmọ kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì pín ohun tó rí sí ọ̀nà mẹ́fà: ọmọ tí kò ṣe nǹkan kan, ọmọ tí ń wòran, ọmọ tí ń dá ṣeré, ọmọ tí ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlòmíràn láìbá a ṣe, ọmọ tí ń bá ẹlòmíràn ṣe, àti àwọn tí wọ́n pín iṣẹ́ láàrin ara wọn láti ṣe ohun kan. Bí ọjọ́ orí ọmọ ṣe ń pọ̀ sí i ni ti ìkẹyìn yìí ń pọ̀ sí i.

Nígbà tí mo kà á, mo rí ara mi nínú ọ̀nà kejì. Ní màtẹ́nẹ́ẹ̀lì tí wọ́n mú mi lọ, n kò sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Olùkọ́ sọ fún ìyá mi pé bóyá odi ni mí. N kì í ṣe odi. Mò ń wòran. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lanu, ọmọbìnrin kan ni ó gba ìjókòó mi, mo sì fi Yorùbá bú u. Ó fi Gùn dá mi lóhùn. A gbọ́ ara wa yékéyéké. Tàtá fìyà jẹ àwa méjèèjì nítorí èdè tí a lò, kò sì bi wá léèrè ẹni tó ni ìjókòó. Láti ọjọ́ náà ni a ti di ọ̀rẹ́. Ìjà náà ni ẹ̀kọ́ ìbágbépọ̀ tí mo kọ́ lọ́dún yẹn, kò sì sí nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ kankan.

Ìwádìí ńlá kan tún wà ní Amẹ́ríkà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1991, tí wọ́n fi tẹ̀ lé ọmọ tó ju 1,000 lọ ní ibi mẹ́wàá láti ìgbà tí wọ́n bí wọn. Wọ́n rí i pé ilé ìtọ́jú tó dára ń ran èdè àti òye ọmọ lọ́wọ́ díẹ̀, àti pé wákàtí púpọ̀ níbẹ̀ lè mú kí ọmọ máa jà díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nílé, láàrin ọmọ àti àwọn òbí rẹ̀, ni ó ń lágbára jù lọ. Amẹ́ríkà kì í ṣe Àjàṣẹ́, àwọn ọmọ náà kò sì gbé láàrin èdè mẹ́ta. Síbẹ̀, ó kọ́ mi pé òfin tó bá ní kí òbí yí ọ̀rọ̀ ilé padà nítorí ilé ìtọ́jú ń fi èyí tó lágbára díẹ̀ pàṣẹ fún èyí tó lágbára púpọ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ni ó parí ọ̀rọ̀ fún mi. Oṣù méjì lẹ́yìn tó wọlé sí màtẹ́nẹ́ẹ̀lì, a kó lọ sí Kétu fún ìsinmi. Ó to ìgò sórí ẹní ní ìta, ó ń kọ́ wọn. Faransé ni ó ń sọ fún àwọn ìgò náà, pẹ̀lú ohùn tàtá rẹ̀ gan-an. Ìyá àgbà jáde síta. Ọmọ náà na ìka sí wọn, ó ní: "Wá jókòó!" Gbogbo wa dákẹ́. Kò lo ẹ. Ìyá àgbà bi í pé: "Ta ni o ń bá sọ̀rọ̀?" Ó wò wọ́n, ó ní: "Èmi kọ́. Tàtá ni." Ó wá kúnlẹ̀, ó fi ohùn ara rẹ̀ sọ pé: "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó."

Ọdún mẹ́ta ààbọ̀ ni ọmọ náà. Ó mọ̀ pé tàtá ní ẹnu tirẹ̀, pé òun ní ẹnu tòun, àti pé ẹ tàbí o kò sí nínú ọ̀rọ̀ nìkan, ó wà nínú ẹni tí ènìyàn jẹ́ nígbà tó ń sọ ọ́. Màtẹ́nẹ́ẹ̀lì fún un ní ipa kan láti ṣe. Agbo ilé fún un ní ibi tí yóò ti jáde kúrò nínú rẹ̀. Bí Ìyá àgbà kò bá sí níbẹ̀ láti béèrè, n kò mọ ibi tí ì bá ti kọ́ èkejì.

8. Ìgúnlẹ̀

Èsì tí mo fún ẹ̀gbọ́n mi nìyí: ẹ mú un lọ, ẹ má sì gba òfin náà. Ẹ mú un lọ, nítorí pé ìsọ̀ yín ń fẹ́ yín, nítorí pé ọmọ ń fẹ́ ojúgbà tí yóò gba ìjókòó rẹ̀, àti nítorí pé n kò fẹ́ kí ọmọbìnrin ẹlòmíràn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láti pọ̀n ọ́n. Ẹ má gba òfin náà, nítorí pé kò sí ohun kan nínú ìtàn gbogbo ilé wọ̀nyí tó fi hàn pé ọmọ ń mọ ẹlòmíràn dáadáa bí a bá pa ẹnu rẹ̀ mọ́ nílé.

Ẹ̀gbọ́n mi padà lọ bá ẹni tó ni ilé náà. Wọ́n ní, "Ìyá àgbà rẹ̀ kò gbọ́ Faransé. Èdè wo ni kí ọmọ fi kí wọn?" Obìnrin náà kò rí èsì fọ̀, ó gba owó, kò sì mẹ́nu kan òfin náà mọ́.

Fún àwa tí a wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yìí, iṣẹ́ wà nílẹ̀. A ti kọ púpọ̀ lórí arọ́pò-orúkọ ọ̀wọ̀ lẹ́nu àgbàlagbà. Ó yẹ kí a lọ jókòó ní àgbàlá màtẹ́nẹ́ẹ̀lì ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, àti ní ọ̀dọ̀ àwọn Ifẹ̀ ní Atakpamé, níbi tí àtúnṣe ẹ̀kọ́ ti 1975 yan Ewé àti Kabiyè fún ilé-ẹ̀kọ́, tí ọmọ Ifẹ̀ kò sì bá tirẹ̀ níbẹ̀. Kí a gbọ́ ohun tí ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ń pe ara wọn nígbà tí tàtá bá kọjú sẹ́yìn. Àwọn tó ṣiṣẹ́ ní CESE náà ti ń dàgbà. Ìyá mi kékeré ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wọ́n ṣì rántí orúkọ àwọn ọmọ tó kọ́ wọn ní Yorùbá Sábẹ̀ẹ́. Ní ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ gbé lọ sọ́dọ̀ wọn.